Oṣù mẹ́rin pẹ̀lú dnsmasq àti iPXE lórí kọ̀ǹpútà mẹ́fà tí kò ní hard disk

Pentium 4 mẹ́fà ni mo kó jọ sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Agbowó, tòkunbọ̀ ni gbogbo wọn, hard disk wọn sì ti kú. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ fi ojú ara wọn rí bí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ṣe ń pín iṣẹ́ kan ṣe, irú Beowulf tí wọ́n fi ẹ̀rọ 486 mẹ́rìndínlógún tò ní NASA ní 1994. Orí wáyà ni ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ti ní láti gba ohun tí yóò fi búùtù. Ọ̀fẹ́ ni dnsmasq, ètò tó ń dá ẹ̀rọ lóhùn lórí nẹ́tíwọọ̀kì, àti iPXE, ètò kékeré tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ búùtù láti orí nẹ́tíwọọ̀kì, tí mo fi ṣe é.

Ọ̀sẹ̀ kìíní le gan-an. Àṣìṣe PXE-E53 ló ń hàn lójú gbogbo wọn: wọ́n ti gba àdírẹ́sì, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò dárúkọ fáìlì fún wọn. Router ilé ló ń sáré dáhùn, kò sì mọ nǹkan kan nípa fáìlì. Mi ò lè pa DHCP rẹ̀, ètò tó fi ń pín àdírẹ́sì, torí fóònù gbogbo ará ilé wà lórí rẹ̀. Ibí yìí ni dnsmasq ti gba ọkàn mi. Ó ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní proxy: router á máa pín àdírẹ́sì rẹ̀ lọ, dnsmasq á kàn fi orúkọ fáìlì kún un. Mo kọ dhcp-range=192.168.1.0,proxy, mo fi pxe-service tó dárúkọ undionly.kpxe, fáìlì tó ń gbé iPXE dìde, tẹ̀ lé e, PXE-E53 bá lọ.

Kò pẹ́ tí òmíràn fi dé. iPXE á jí, á tún béèrè lọ́wọ́ server (ẹ̀rọ tí dnsmasq wà lórí rẹ̀), server á tún gbé undionly.kpxe kan náà fún un. Ọmọ iṣẹ́ mi jókòó tì í, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó tún ti padà síbẹ̀rẹ̀ o." Àwọn ìlà funfun kan náà ń gun ojú ẹ̀rọ, wọ́n ń parẹ́, wọ́n tún ń gùn. iPXE máa ń fi nọ́ńbà 175 sínú ìbéèrè rẹ̀. Mo kọ dhcp-match=set:ipxe,175, mo ní kí ẹni tó bá ní àmì yẹn gba boot.ipxe, fáìlì tó ń sọ ohun tó kàn fún iPXE. Ó dúró.

Ẹ má fi TFTP, ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń gbé fáìlì lórí nẹ́tíwọọ̀kì, gbé fáìlì ńlá o. Bí a kò bá yí i padà, byte 512 ló máa ń gbé lẹ́ẹ̀kan, á sì dúró gba èsì kó tó gbé òmíràn. undionly.kpxe nìkan ni mo fi sílẹ̀ fún un, HTTP, ọ̀nà tí ojú-ewé wẹ́ẹ̀bù ń gbà, ni kernel (ọkàn Linux) àti initrd (àwọn fáìlì tó fi ń bẹ̀rẹ̀) ń gbà. Linux Debian 12 ni mo lò, torí 32-bit ni àwọn ẹ̀rọ mi, Debian 13 kò sì ṣe kernel fún wọn mọ́.

Ẹ̀rọ kẹrin nìkan ló ṣì ń dà mí láàmú. Gbogbo ìgbà tí NEPA bá mú iná lọ, hard disk tí kò sí ló máa ń wá kiri nígbà tá a bá tún tàn án. Ọjọ́ méjì ni mo fi tú fáìlì dnsmasq wò kí n tó ṣí ìdérí ẹ̀rọ: bátìrì CR2032 inú rẹ̀ ti kú, kò rántí pé nẹ́tíwọọ̀kì ni kó kọ́kọ́ yà sí. Mo pààrọ̀ rẹ̀, mo tún un tò, kò tíì gbàgbé láti ìgbà náà.

Ẹ kọ log-dhcp, ìlà tó ń mú kí dnsmasq kọ ìbéèrè àti èsì DHCP sílẹ̀, sínú fáìlì dnsmasq yín kí ẹ tó tan ẹ̀rọ kankan. Ká ní mo ti kọ ọ́ láti ọjọ́ kìíní ni, ọ̀ràn router yẹn ò bá má gbà mí ní ọ̀sẹ̀ kan.