Trainer inú ilé: èwo ló ṣì ń ka iṣẹ́ yín tí NEPA bá mú iná?

Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa, ọ̀pọ̀ review nípa trainer, ìyẹn irin tá a ń de kẹ̀kẹ́ mọ́ ká lè máa wà á lójú kan nínú ilé, ibi tí iná kì í lọ ni wọ́n ti jókòó kọ ọ́. Wọ́n á ní eléyìí ò pariwo, ìyẹn ń ka watt (agbára tẹ́sẹ̀ yín fi ń tẹ pẹ́dà) dáadáa, àmọ́ wọn ò ní sọ fún yín ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí NEPA bá ṣe tiwọn ní Surulere láago mẹ́fà ìdájí, tẹ́ ẹ wà níbi tó le jù, tí òógùn ti bo ojú. Ohun tí màá fi wọn gbogbo wọn nìyẹn: èwo ló ṣì ń kà nígbà tí iná bá lọ, èwo ló máa dákẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ gbàgbé GPS ná. Bẹ́ ẹ ṣe ń kúrò níbì kan lọ síbòmíì ló ń wò, ẹ̀yin dẹ̀ wà lójú kan nínú pálọ̀, torí náà fóònù nìkan ò lè ṣe é.

Èyí tówó ẹ̀ rọjú jù ni speed sensor àti cadence sensor. Magene, CooSpo, Garmin, Wahoo, gbogbo wọn ló ń ṣe é. Ti speed, tó ń ka eré, ìdí táyà ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ gbé e sí o, torí lórí trainer, táyà iwájú ò ní yí títí Jésù á fi dé. Ti cadence máa ń wà lára crank, irin tó gbé pẹ́dà dání, òun ló ń ka iye ìgbà tẹ́sẹ̀ yín yí ní ìṣẹ́jú kan. Bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 ni púpọ̀ nínú wọn ń lò, irú èyí tó wà nínú motherboard kọ̀ǹpútà, ó kún Computer Village ní Ikeja, ẹ ṣáà ṣọ́ra fún ayédèrú. Iná ì bá lọ ní ìgbà mẹ́wàá, kò kàn wọ́n.

Ibi tí wàhálà wọn wà ni pé eré kọ́ ni iṣẹ́. Ẹ tú nọ́ọ̀bù trainer yẹn díẹ̀, eré yín á gbéra sọ́kè, ẹ dẹ̀ lè máa rò pé ẹ ti lágbára sí i. Zwift, app táwọn tó ń wa kẹ̀kẹ́ nínú ilé ń lò, máa ń fi eré yẹn fojú bu watt fún yín, àmọ́ ìfojúbù ló máa jẹ́, pàápàá tí trainer yín ò bá sí lára àwọn tí wọ́n mọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń fa táyà dé psi kan náà ní gbogbo ìgbà, tẹ́ ẹ dẹ̀ ń dè é mọ́ trainer bákan náà, ẹ lè fi wé tàná tiyín. Ẹ má fi wé ti ẹnikẹ́ni ní Lekki.

Smart trainer, èyí tó ń ka watt fúnra ẹ̀ tó dẹ̀ ń bá app sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń gbé táyà lé, bíi Wahoo KICKR SNAP, wà láàárín. Wọ́n ní ó lè fi 3% ṣìnà, ẹ dẹ̀ máa ń ṣe spindown fún un (ẹ wà á kó yára, kẹ́ ẹ wá jẹ́ kó yí títí á fi dúró, kó lè tún ìwọ̀n ẹ̀ ṣe) lẹ́yìn tí táyà bá ti gbóná. Kò wù mí, torí ó ń jẹ táyà, ó dẹ̀ ṣì nílò iná.

Ó wá kan àwọn trainer tẹ́ ẹ máa yọ táyà ẹ̀yìn kúrò pátápátá fún, tí ṣéènì ń lọ tààrà sórí trainer. Ẹ jẹ́ ká mú KICKR CORE àti Tacx NEO 2T, ká gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. CORE, 2% ni wọ́n ní ó lè fi ṣì í, NEO 1%. CORE wúwo tó bíi kílò 18, NEO jẹ́ 21.5, ẹni tó ń gbé òkè kẹta nílé kan ní Lagos Island tí kò sí lift kó yáa pe ẹnìkan mọ́ra. NEO wọ́n ju CORE lọ dáadáa. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ tí iná bá lọ: CORE á dákẹ́, Bluetooth ẹ̀ á pòórá, watt tó wà lójú app á já sí òdo, kẹ̀kẹ́ yín á dúró gbagidi nínú Zwift bẹ́ ẹ dẹ̀ ń tẹ pẹ́dà kíkankíkan. NEO ní tiẹ̀, ẹsẹ̀ yín ló fi ń ṣe iná fúnra ẹ̀, ó ṣì ń le, ó ṣì ń ka watt, ohun tí kò ní ṣe mọ́ ni kó máa gbé yín lọ nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ òkè, àti kó máa gbọ̀n bí ojú títì. Tówó NEO bá pọ̀ jù, ẹ ra CORE kẹ́ ẹ ra UPS kékeré tì í, á gbé e títí inverter tàbí jẹnẹrétọ̀ á fi dáhùn.

Ẹ wo ara adaptor kẹ́ ẹ tó kì í bọ iná, pàápàá tó bá jẹ́ Amẹ́ríkà ló ti wá: tí ò bá ti sí 100-240V lára ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ tún bèèrè bóyá cassette (àkójọ gíà ẹ̀yìn) wà lórí ẹ̀, kó dẹ̀ bá gíà kẹ̀kẹ́ yín mu, torí wọ́n máa ń ta òmíì láìsí.

Tó bá jẹ́ èmi lẹ fẹ́ kó yàn, tẹ́ ẹ ti ní trainer lásán nílé, pẹ́dà tó ń ka watt ni màá mú. Favero Assioma Duo ń kà á dé 1%, ẹ̀ẹ̀kan tẹ́ ẹ bá ti ṣájì ẹ̀, ó tó wákàtí 50, kò dẹ̀ bá NEPA ṣe nǹkan kan. Ọjọ́ Sátidé tẹ́ ẹ bá gbé kẹ̀kẹ́ jáde, ó tẹ̀lé yín lọ, nọ́ńbà ilé àti títì á wá jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ máa ra bàtà tó gba cleat Look Keo ṣá, ìyẹn ike abẹ́ bàtà tó ń kọ́ pẹ́dà. Assioma Uno, ẹsẹ̀ òsì nìkan ló ń kà tó wá sọ ọ́ di méjì, ẹni tẹ́sẹ̀ ẹ̀ ò bá dọ́gba, irọ́ ni.

Lílù ọkàn ńkọ́? Bẹ́líìtì àyà bíi Polar H10 sàn ju wọ́ọ̀ṣì ọwọ́ lọ, torí wọ́ọ̀ṣì máa ń pẹ́ kó tó rí i tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́ gidi. Àmọ́ ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí, torí ooru Èkó: láìsí fáànù, watt lè dúró lójú kan, kí ọkàn yín máa gun òkè díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí kan. Ara ń darí ẹ̀jẹ̀ lọ sí awọ kó lè tutù, òógùn dẹ̀ ń dín omi inú ẹ̀jẹ̀ kù, ọkàn á wá máa sáré fi dí i. Ẹni tó ń wo ọkàn nìkan á rò pé òun ṣiṣẹ́ gan-an, ooru ló ṣiṣẹ́. Kẹ́ ẹ tó ra bẹ́líìtì, ẹ ra fáànù tí wọ́n ń ṣájì.

App: Zwift jẹ́ $19.99 lóṣù, MyWhoosh ọ̀fẹ́ ni, méjèèjì fẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ní hotspot lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí router bá kú. Garmin Edge tàbí Wahoo ELEMNT, kọ̀ǹpútà kékeré orí kẹ̀kẹ́, ní bátìrì tiẹ̀, kò nílò dátà láti kọ nǹkan sílẹ̀. Kalori tí wọ́n ń kọ láìsí watt, ẹ má tìtorí ẹ̀ fi kún àmàlà. Tẹ́ ẹ bá ní watt, kJ tó wà lójú ẹ̀ (iye iṣẹ́ tẹ́sẹ̀ yín ṣe) súnmọ́ kalori tara jó, torí kalori kan tó bíi kJ mẹ́rin, àmọ́ bíi ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún dé mẹ́ta nínú mẹ́rin ohun tára ń jó ló ń di ooru lásán.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ má sanwó kẹ́ ẹ tó fi fóònù tiyín so mọ́ ọn níwájú ẹni tó ń tà á, kẹ́ ẹ gùn ún títí á fi gbóná, kẹ́ ẹ fetí sí i bóyá ó ń han, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ yọ wáyà ẹ̀ kúrò lára iná kẹ́ ẹ wo ohun tó máa ṣe.