Káńsù pè wá ká wá bá wọn ṣètò ọdún mẹ́wàá: ìràwọ̀ mẹ́ta ni mo fún wọn

Èlùbọ́ ni mò ń tà n'Ìbàdàn, ó ti lé lógún ọdún. Mo máa ń rí i tí àwọn èèyàn ń sọ èrò wọn nípa ilé oúnjẹ àti ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti rajà. Iṣẹ́ káńsù wa ni èmi fẹ́ sọ tèmi lé lórí. Káńsù mọ́kànlá ló wà n'Ìbàdàn, mi ò ní dárúkọ tiwa. Wọ́n ní ká wá bá àwọn yan ohun tí wọ́n máa gbájú mọ́ fún ọdún mẹ́wàá. Ọjọ́ méjì ni ìpàdé ọ̀hún, mo sì ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ méjèèjì.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ wù mí gan-an. Abẹ́ igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ni wọ́n to ìjókòó sí, wọn ò fún ẹnikẹ́ni ní ìwé pé kó kọ nǹkan kan. Abọ́ ike mẹ́fà ni wọ́n gbé ka orí tábìlì, wọ́n ya àwòrán sára wọn: gọ́tà, ilé ìwòsàn, ẹ̀rọ omi, ilé ìwé, iná òpópónà àti òrùlé ọjà. Kálukú gba hóró àgbàdo márùn-ún, ibi tó bá ká ọ lára jù ni wàá jù ú sí.

Ìyá kan tó ń ta ata ló wà níwájú mi. Ó ń mú hóró rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń rọra sọ ọ́ sílẹ̀, inú abọ́ gọ́tà ni márààrún lọ. Ọmọbìnrin káńsù tó dúró tì í ní, "Ìyá, ẹ lè pín in o." Ìyá ní, "Mo mọ̀, ọmọ mi. Omi ọdún 2011 ò pín tèmi, gbogbo ẹ̀ ló kó lọ." Gbogbo wa dákẹ́. Òjò ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún náà ló ń wí, àwọn tó sì dàgbà jù ú lọ ṣì ń rántí omíyalé odò Ògùnpa lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980. Láti ìgbà tí mo ti ń tajà níbẹ̀, bí oṣù Kẹjọ bá ti ń bọ̀, orí búlọ́ọ̀kù ni àpò èlùbọ́ mi máa ń wà. Mo fi hóró mẹ́ta sí gọ́tà, ọ̀kan sí ilé ìwòsàn nítorí a ò ní agbẹ̀bí tó ń sùn síbẹ̀, ọ̀kan yòókù sí ilé ìwé.

Lọ́jọ́ kejì, gbọ̀ngàn sẹkitéríàtì ni wọ́n kó wa lọ. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yí padà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ka ètò náà láti òkè délẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ju àgbàdo lánàá náà ló jókòó síbẹ̀. Mo fi ìka ka ohun tó wà nínú ìwé: mọ́kànlélógójì, gbogbo wọn ni wọ́n sì kọ "pàtàkì jù lọ" sí. Gọ́tà tiwa wà ní nọ́ńbà 29, wọ́n pa á pọ̀ mọ́ òdòdó tí wọ́n fẹ́ gbìn sí oríta. Géètì ńlá tí wọ́n fẹ́ kọ́ sẹ́nu bodè wà ní nọ́ńbà 3. Géètì ò ní abọ́ kankan lánàá.

Mo dìde, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ti san owó oṣù tán, èló ló máa ń kù lọ́wọ́ yín?" Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń rí sí ètò ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá wa," ó sì dá mi lóhùn bó ṣe yẹ. Ó ní àpò kan náà tí ìpínlẹ̀ àti káńsù jọ ń lò ni owó Àbújá ti ń gbà kọjá, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ owó oṣù tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti tàwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti dájọ́ lọ́jọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 pé kí owó káńsù máa bọ́ sí káńsù lọ́wọ́ tààrà, àmọ́ owó oṣù ò torí ìyẹn dín kù. Èyí tó ń ṣẹ́ kù ò lè ṣe ju nǹkan bíi mẹ́ta lọ dáadáa. Ó tún ní odò ńlá kì í ṣe ti káńsù, pé bí wọ́n bá ṣe gọ́tà wa tí ìpínlẹ̀ ò gbẹ́ odò ìsàlẹ̀, omi náà á padà wá bá wa nílé.

Ká ní wọ́n ti sọ èyí fún wa kí wọ́n tó pín àgbàdo! Oníbàárà tó mọ iye tó mú wá sọ́jà kì í pẹ́ lọ́dọ̀ mi, kóńgò tí agbára rẹ̀ ká ló máa ní kí n wọ̀n. Bí ọ̀rọ̀ owó ṣe yé ilé, wọ́n fúnra wọn mú mẹ́ta: gọ́tà, agbẹ̀bí òru, òrùlé ilé ìwé. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí wọ́n fi mú un.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá ilé ìwé béèrè ohun tó wà lọ́kàn mi: ọdún mẹ́ta ni alága ń lò níbí, ta ló máa gbé ètò ọdún mẹ́wàá dópin? Wọ́n ní àwọn kánsẹ́lọ̀ máa sọ ọ́ di òfin káńsù. Ìwé òfin ọdún 1999 náà sọ pé kí káńsù máa kópa nínú ètò ìdàgbàsókè agbègbè rẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ rí ọdún, orúkọ àdúgbò àti iye owó nínú òfin ọ̀hún.

Oúnjẹ wọn ò burú, makirofóònù náà sì dún. Ìràwọ̀ kan ni mo fún wọn nítorí pé wọ́n wá bá wa lọ́jà, ọ̀kan nítorí àgbàdo, ọ̀kan nítorí ọmọkùnrin tó dáhùn láìfi nǹkan pa mọ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti nọ́ńbà mọ́kànlélógójì ló gba méjì tó kù lọ́wọ́ wọn.

Wọ́n ṣèlérí pé àwọn máa lẹ ìwé náà síta, ó sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà ọjà láti Ọjọ́bọ̀. Gọ́tà ló ṣáájú, orúkọ àdúgbò wa wà níbẹ̀. Ibi tó yẹ kí iye owó wà ṣófo. Ìyá aláta ní kí n ka ìlà yẹn fún òun lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà ó ní kí n bá òun béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa kọ owó sí i. Ọjọ́ Ajé ni mò ń lọ.