Ìwé Kíkà àbí Fífọwọ́ Dán an Wò: Ìmúrasílẹ̀ fún Ìdíje Forensics

Nínú ẹ̀ka Forensics ti ìdíje Science Olympiad ní Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́ méjì ló máa ń fi ìṣẹ́jú 50 yẹ ẹ̀rí ọ̀ràn kan wò, láti orí ìyẹ̀fun títí dé orí ike àti ìtẹ̀ka, kí wọ́n tó sọ ẹni tí wọ́n fura sí. Àwọn ẹgbẹ́ kan ń fi ìwé kíkà múra, àwọn mìíràn ń fọwọ́ ara wọn dán an wò.

Ìwé kíkà kò náni lówó púpọ̀, ó sì tó fún ìtẹ̀ka, nítorí pé àwòrán tó mọ́ kedere á fi ìlà tó ká bí òrùka hàn yàtọ̀ sí èyí tó tẹ̀ bí ọrun.

Ti ìyẹ̀fun kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, nítorí pé funfun ni ọ̀pọ̀ wọn. Ẹni tó bá ti kán áyódíìnì sórí ìyẹ̀fun àgbàdo rí, tó rí i tó dú bí aró lójú ẹsẹ̀, kò tún ní máa ṣí ìwé kiri. Bákan náà, sódà tí a fi ń ṣe àkàrà òyìnbó àti calcium carbonate (èròjà tó wà nínú èèpo ẹyin) ni yóò hó bí ásíìdì bá kàn wọ́n, ṣùgbọ́n sódà á yòrò nínú omi, èkejì á sì sìlẹ̀ sísàlẹ̀ ife.

Ní tèmi, ìdánwò ni kí ẹgbẹ́ kọ́kọ́ ṣe, pẹ̀lú awò ìdáàbòbò lójú (èyí kì í ṣe ohun àfojúfò rárá), kí wọ́n sì fi ohun tí wọ́n rí kọ àkọsílẹ̀ tí wọn yóò gbé lọ síbi ìdíje.