Zhixian àtijọ́ àti xianzhang òde òní ní Ṣáínà
Oyè olórí xian, ìyẹn agbègbè ìṣàkóso kan lábẹ́ ìpínlẹ̀, ni zhixian àti xianzhang. Àwọn kan máa ń ka oyè méjèèjì yìí sí ọ̀kan náà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Láyé ìjọba Qing (1644 sí 1912), zhixian ló ń gba owó orí, òun ló ń dájọ́, òun náà ló ń wádìí ọ̀ràn ìpànìyàn. Ìlù kan wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ á lù ú kí wọ́n lè gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Baba àti ìyá ni àwọn ará ìlú ń pè é, síbẹ̀ òfin kò gbà kó ṣàkóso ní ìpínlẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ti wá.

Xianzhang ńkọ́? Ìdájọ́ ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, akọ̀wé ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì ní agbègbè náà sì jù ú lọ. Lójú tèmi, akọ̀wé yẹn gan-an ló jọ zhixian jù.