Oríṣi ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mẹ́ta tí wọ́n ń tà n'Íkòròdú, àti èyí tí màá fowó mi rà

Tí ẹ bá ń gun kẹ̀kẹ́ láti Àgíríkì lọ sí Sábó lójoojúmọ́, tí ẹ sì ń di báàgì sẹ́yìn, ẹ ti mọ̀ pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ìyà ń bọ́ lé. Òun ló gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúwo yín, òun náà ni ṣéènì ń fà. Bí owó ò bá ká méjèèjì, ti ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà.

Àkọ́kọ́ ni ẹsẹ̀ fífúyẹ́ ti àwọn asáré, tí sípóòkì rẹ̀ jẹ́ 20 tàbí 24. Ó rẹwà, ó sì ń tan ni. Èmi náà ra ọ̀kan rí, tòkunbọ̀, dúdú tó ń dán. Mo ń bọ̀ láti Ìjẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo já sí kòtò tí omi ti bò, mo sì gbọ́ “táú!” Sípóòkì kan ti já lọ́rùn, lápá ibi tí ṣéènì wà. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀, rímù ti wọ́, ó ti há mọ́ bíréèkì. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló gbé èmi àti kẹ̀kẹ́ mi délé. (Kẹ̀kẹ́ gun kẹ̀kẹ́, àwọn èrò inú ẹ̀ rẹ́rìn-ín títí.) Ẹni tó bá mi tún un ṣe wò ó, ó ní, “Bọ̀dá, ẹsẹ̀ lékeléke lẹ rà yìí.” Sípóòkì irú rẹ̀ ò sí lọ́wọ́ ẹ̀. Bí sípóòkì bá kéré níye, ẹrù orí ọ̀kọ̀ọ̀kan á wúwo. Tí ọ̀kan bá já, rímù kò ní agbára tó máa fi dúró. Ní ti ẹsẹ̀ onísípóòkì 36, bí ọ̀kan bá já, ẹ tú bíréèkì díẹ̀, ẹ ó sì máa rọra gùn ún lọ sílé.

Èkejì ni rímù onírin ti kẹ̀kẹ́ àtijọ́. Ó le, bó bá sì tẹ̀, wọ́n lè fi òòlù lù ú padà. Ṣùgbọ́n ó wúwo, ó ń dípẹtà, àti pé bí òjò bá ti lè rẹ̀ ẹ́, bíréèkì á máa yọ̀ lórí ẹ̀ ni. Ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ ru gàrí lè rà á. Ẹni tó ń sáré láàárín dáńfó, kó fi í sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni tèmi: rímù àlùmíníọ̀mù onígbá méjì (èyí tí ògiri rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì), sípóòkì 32 tàbí 36. Tẹ́ ẹ bá sanra, tàbí tí ẹ ń gbẹ́rù, 36 ni. Ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré dání lọ sọ́jà. Tó bá lẹ̀ mọ́ rímù, irin ni. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n yọ táyà, kẹ́ ẹ ṣí rọ́bà tó bo inú rímù. Bí orí sípóòkì bá yọ sókè síbi tí tíúbù ń jókòó, onígbá kan ni. Bó bá jẹ́ pé inú ihò lẹ ti ń wò ó nísàlẹ̀, onígbá méjì nìyẹn, kì í tètè wọ́. Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ fi ìka tọ ojú ibi tí bíréèkì ń mú. Bó bá ti jẹ wọnú bíi ṣíbí, ẹ dá a padà fún wọn.

Ní ti họ́ọ̀bù, ìyẹn àárín ẹsẹ̀ tí gbogbo sípóòkì so mọ́, èyí tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo fẹ́, torí pé ẹnikẹ́ni ló lè tú u, kó fọ̀ ọ́, kó sì fi gíríìsì tuntun sí i. Èyí tí bẹ́árìn rẹ̀ dì pa ń dènà omi òjò jù ú lọ, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ rí bẹ́árìn tí nọ́ńbà rẹ̀ bá a mu rà.

Ẹ ṣọ́ra nídìí ìwọ̀n. Táyà méjì lè jẹ́ “28” lára, kí wọ́n má bá ara wọn mu. Nọ́ńbà onídíjíìtì mẹ́ta tó wà lára táyà ni kẹ́ ẹ wò, ìyẹn ìwọ̀n ìdábùú rímù ní mílímítà níbi tí táyà ti ń jókòó: 622 ni ti táyà tí wọ́n kọ 700C sí, 635 ni ti kẹ̀kẹ́ àtijọ́, 630 ni ti íǹṣì 27. Bí férémù yín bá gbà á, ẹ gbé táyà tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 28 tàbí 32 sórí 622 náà, kì í ṣe 23. Kòtò ọ̀nà Ìtóìkin ò mọ̀ pé rímù yín wọ́n.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ fi ìka ta àwọn sípóòkì bí ẹni ń ta gìtá. Ní ẹ̀gbẹ́ kan náà, ohùn wọn gbọ́dọ̀ sún mọ́ra. Lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn, apá ṣéènì máa ń dún tínrín ju apá kejì lọ. Èyí tó bá ń dún bọ̀ọ̀ ti dẹ̀, dídẹ̀ yẹn ló sì máa ń pa sípóòkì jù: bí ẹsẹ̀ ṣe ń yí ló ń nà, tó ń súnkì, títí ọrùn rẹ̀ á fi já. Kódà èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú páálí jáde lè dẹ̀. Ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n fà, kó fà á kó dọ́gba, kẹ́ ẹ gùn ún fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kẹ́ ẹ tún gbé e padà lọ bá a.