Kíliníkì Kan ní Adó-Èkìtì fún Àwọn Tó Ti Kúrò ní Ilé Ìwòsàn
Láti ìgbà tí àbúrò mi, tó ní àrùn ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní schizophrenia, ti kúrò ní ilé ìwòsàn, kíliníkì kan ní Adó-Èkìtì ló ń tọ́jú rẹ̀, iṣẹ́ wọn sì tẹ́ mi lọ́rùn. Wọn kì í fi ọ̀rọ̀ oògùn ṣeré, nítorí ẹni tó bá pa oògùn tì torí pé ara rẹ̀ ti yá ni àìsàn náà sábà máa ń padà kì mọ́lẹ̀. Nígbà tó ń gbàgbé oògùn oníhóró, wọ́n fi abẹ́rẹ́ fluphenazine rọ́pò rẹ̀, èyí tó ń gbà lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ 4. Nọ́ọ̀sì a máa ní kó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ń gbọ̀n, kí wọ́n tó fún un ní abẹ́rẹ́ náà, nítorí abẹ́rẹ́ yìí lè mú kí ọwọ́ máa gbọ̀n. Wọ́n tún ṣàlàyé fún ìyá wa pé ìbáwí àti ariwo àtìgbàdégbà nínú ilé lè dá àìsàn náà padà, ọ̀rọ̀ tí kò dùn mọ́ Màámi nínú rárá. Àléébù wọn ni pé oògùn tó ń dín ọwọ́ gbígbọ̀n kù kì í sábà sí nílẹ̀. Ìta la ti ń rà á. Kí ẹni tó bá ń ti Ìkọ̀lé bọ̀ tètè jáde, nítorí èrò a máa pọ̀.