Dífù Ford 8.8 fún eré ìje drag: ṣé ká tún Traction-Lok ṣe ni, àbí ká ra Truetrac, Detroit Locker tàbí spool?

Bí Mustang V8 yín bá ń fi ìlà dúdú kan ṣoṣo sílẹ̀ dípò méjì nígbà tí ẹ bá tẹná mọ́lẹ̀, ó dájú pé dífù ẹ̀yìn, àpótí jíà tó ń pín agbára fún táyà ẹ̀yìn méjèèjì, ti ń béèrè owó. Láti 1986 ni Ford ti ń fi dífù tí wọ́n ń pè ní 8.8 sábẹ́ Mustang V8, Traction-Lok ló sì máa ń wà nínú rẹ̀. Kílọ́ọ̀ṣì ni Traction-Lok fi ń mú kí táyà méjèèjì jọ yí, kílọ́ọ̀ṣì ọ̀hún ló sì ń jẹ. Ṣé kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ni, àbí kí ẹ ra dífù mìíràn?

Mo ti mọ ibi tí mo dúró sí. Ọkọ̀ tó ń gbé yín lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, tó tún ń lọ sí pápá ìje drag, níbi tí ọkọ̀ ti ń sá eré lójú ọ̀nà tó tọ́ tààrà, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Traction-Lok tí a tún ṣe dáadáa ló tọ́ sí i. Ọkọ̀ tó jẹ́ pé tírélà ló ń gbé e dé pápá, spool, irin tó so axle méjèèjì pọ̀ pátápátá, ni kí ẹ rà fún un. Ọkọ̀ tó bọ́ sí àárín méjèèjì ló gba ìrònú.

Ẹ kọ́kọ́ ka eyín axle

Ọ̀pọ̀ Mustang V8 ọdún 1986 sí 2004 ló ní axle eléyín 28. Axle ni ọ̀pá irin tó ń gbé agbára láti dífù dé táyà, eyín orí rẹ̀ ló sì ń wọnú dífù. Ti Mustang GT láti 2005 jẹ́ eléyín 31, bẹ́ẹ̀ náà ni ti jíìpù Explorer ọdún 1995 sí 2001 tó ní 8.8. Dífù eléyín 28 kò lè gba axle eléyín 31 láéláé. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun máa tó wọ táyà slick, táyà ìje tí ojú rẹ̀ dán tí kò ní ilà, kó má wulẹ̀ náwó lórí dífù eléyín 28, torí ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ra nǹkan kan náà. Slick kì í jẹ́ kí táyà yọ̀. Agbára tí ì bá fi yọ̀ á wá bọ́ sórí axle, eléyín 28 ló sì máa ń kán.

Kílíìpù kékeré kan tó rí bíi lẹ́tà C ló di axle yìí mú nínú dífù. Bí axle bá kán, táyà àti axle lè jọ yọ kúrò lára ọkọ̀ lórí eré. Ìdí nìyẹn tí NHRA, àjọ tó ń ṣètò eré ìje drag ní Amẹ́ríkà, fi sọ ọ́ di dandan pé ọkọ̀ tó bá ń sá ìdá kan nínú mẹ́rin máìlì ní ìṣẹ́jú àáyá 10.99 tàbí kó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti èyí tí dífù rẹ̀ bá tì pa pátápátá, gbọ́dọ̀ lo axle tó lágbára ju ti Ford lọ, pẹ̀lú ohun tí yóò dì í mú. Ẹ ṣírò owó axle mọ́ owó dífù látìbẹ̀rẹ̀.

Bó bá jẹ́ àlòkù lẹ fẹ́ rà, ẹ wo irin pẹlẹbẹ kékeré tó wà lábẹ́ bọ́ọ̀tì ìdérí ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá kọ 3L73 síbẹ̀, ìwọ̀n jíà rẹ̀ jẹ́ 3.73, L yẹn sì fi hàn pé Traction-Lok ló ní. Bí kò bá sí L, dífù lásán tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì ni. Ẹ má gba irin yẹn gbọ́ tán o. Ẹ gbé táyà ẹ̀yìn méjèèjì kúrò nílẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ yí ọ̀kan. Bí èkejì bá bá a yí sí ọ̀nà kan náà, kílọ́ọ̀ṣì ṣì wà láàyè. Bó bá yí sí òdìkejì, ó ti jẹ tán, tàbí kó má tilẹ̀ sí níbẹ̀ rí.

Títún Traction-Lok ṣe

Ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, pẹpẹ irin àti pẹpẹ kílọ́ọ̀ṣì ló tò léra wọn. Sípíríǹgì kan tó rí bíi lẹ́tà S wà láàárín, òun ló ń ti jíà ẹ̀gbẹ́ méjèèjì síta kí àwọn pẹpẹ lè fún mọ́ra. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbà á, eyín jíà fúnra wọn tún máa ń ti ara wọn síta, kílọ́ọ̀ṣì á sì tún fún sí i. Bí àwọn pẹpẹ bá ti fẹ́lẹ́ jù, kò sóhun tí sípíríǹgì yẹn fẹ́ fún mọ́.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn àtúnṣe yìí ni pé a kì í yọ ilé dífù kúrò lábẹ́ ọkọ̀. Ẹ ṣí ìdérí, ẹ tú bọ́ọ̀tì tó há irin àárín (cross pin, tí jíà kéékèèké inú dífù jókòó lé) mọ́, ẹ fa irin náà yọ, ẹ ti axle wọlé díẹ̀ kí kílíìpù C lè bọ́, kí ẹ wá fa axle jáde. Crown àti pinion, jíà méjì tó ń gba agbára láti ṣáàfù, kò kúrò ní ipò wọn. Dífù tuntun kò rí bẹ́ẹ̀: wọ́n á tú crown, wọ́n á tẹ bíárìn, wọ́n á sì máa fi ṣíìmù (irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín) tún àlàfo àárín eyín ṣe títí yóò fi bọ́ sí 0.008 sí 0.015 ínǹṣì. Owó ọwọ́ mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n ṣe kò kéré, bó bá sì wọ̀n ọ́n ṣì, igbe ni dífù á máa ké.

Ẹ ṣọ́ra fún sípíríǹgì S. Ẹ wọ ìgò ojú, ẹ fi àkísà bò ó, ẹ má sì dúró níwájú rẹ̀ bí ẹ bá ń fi òòlù gbá a jáde, torí ṣe ló máa ń fò. Bọ́ọ̀tì irin àárín náà máa ń kán sínú, ẹ ti ra tuntun sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Oríṣi kílọ́ọ̀ṣì méjì lẹ máa bá pàdé: irú ti àtilẹ̀wá, àti oní-carbon tí Ford náà ń tà. Oní-carbon wọ́n jù, ṣùgbọ́n ó ń fara da ooru, ojú ẹsẹ̀ ni mo máa ra òun fún ọkọ̀ ìje. Ẹ rẹ pẹpẹ sínú ọ́ìlì kí ẹ tó tò wọ́n, kí ẹ sì da oúnsì 4 friction modifier, èròjà tó ń jẹ́ kí pẹpẹ yọ̀ lára wọn wọ́ọ́rọ́wọ́, mọ́ ọ́ìlì dífù. Láìsí i, ẹ̀yìn ọkọ̀ á máa gbọ̀n tìtì ní gbogbo kọ́nà.

Àwọn ọmọ drag mìíràn máa ń fi pẹpẹ kílọ́ọ̀ṣì kan kún un ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó ń múná lóòótọ́, àmọ́ ó ń tètè jẹ lójú títì. Bí wọ́n bá sì nípọn jù, jíà ẹ̀gbẹ́ á sún wọnú, eyín kò ní pàdé bó ṣe yẹ. Bí sípíríǹgì bá kọ̀ tí kò wọlé, ẹ yọ ọ̀kan kúrò, ẹ má fipá gbá a. Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ fi jíà sí neutral, ẹ fi táyà kan sílẹ̀, kí ẹ fi sípánà tó ń wọn agbára yí èkejì. Ìwé Ford ní, kódà pẹ̀lú pẹpẹ àlòkù, kó má dín sí 20 lb-ft kó tó yí.

Truetrac

Eaton ló ń ṣe é. Kò ní kílọ́ọ̀ṣì rárá, jíà tí a gé ní ẹ̀gẹ̀gẹ̀ ló ń pín agbára fún táyà tó bá di ilẹ̀ mú. Kò fẹ́ friction modifier, ọ́ìlì dífù lásán tí kì í ṣe synthetic ni Eaton ní ká lò. Kò pariwo, ẹ kò sì ní máa tú u fún kílọ́ọ̀ṣì.

Àléébù rẹ̀ ni pé bí táyà kan bá gbéra nílẹ̀ pátápátá, ó di dífù lásán. Bí Mustang bá ń fò kúrò lórí ìlà ìbẹ̀rẹ̀, agbára ṣáàfù máa ń fẹ́ gbé táyà ẹ̀yìn ọwọ́ ọ̀tún sókè. Báàgì afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fi sínú sípíríǹgì ọwọ́ ọ̀tún ń tẹ̀ ẹ́ padà sílẹ̀, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Pẹ̀lú rẹ̀, Truetrac dára fún ẹni tí kò fẹ́ máa tú dífù.

Dífù Auburn, tó ń lo kóònù dípò pẹpẹ kílọ́ọ̀ṣì, mo máa fò ó. Bó bá ti jẹ, kì í ṣe ohun tí ẹ lè tún ṣe nílé bíi Traction-Lok.

Detroit Locker àti spool

Locker máa ń ti axle méjèèjì pa bí ẹ bá ti tẹná, á sì tú ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀ ní kọ́nà pẹ̀lú ariwo gbàà. Lórí ìlà ìbẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè bú u. Ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀, tí ẹ sì tẹná ní àárín kọ́nà, ẹ̀yìn ọkọ̀ lè yà lójijì. Mi ò ní fi í sínú ọkọ̀ tí ìyàwó àti ọmọ ń wọ̀.

Spool fúyẹ́, ó rọrùn, owó rẹ̀ sì máa ń kéré sí ti Locker. Táyà méjèèjì kì í yapa láé, nítorí náà ó ń wọ́ táyà ní kọ́nà, ó sì ń lọ́ axle. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wẹ́dà jó jíà kéékèèké inú dífù pọ̀ láti fi rọ́pò rẹ̀. NHRA kò gbà á.

Ìgbà tí àtúnṣe kò ní èrè mọ́

Ẹ ṣí ìdérí kí ẹ tó ra kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ fa irin àárín yọ, kí ẹ fi èékánná họ ojú rẹ̀ níbi tí jíà ń jókòó lé. Bó bá kọ́ èékánná, ẹ pààrọ̀ irin náà. Ẹ tún fi iná wo inú ilé dífù, níbi tí etí pẹpẹ irin ń wọ̀. Bí ojú ibẹ̀ bá ti gbẹ́, pẹpẹ tuntun kò ní lè rìn bó ṣe yẹ nínú rẹ̀, owó kílọ́ọ̀ṣì á ṣòfò. Ẹ kó owó yẹn lé ti Truetrac eléyín 31.